Àkàsọ̀ Tí Mo Bá Mojeed Kọ

Aṣọ iṣẹ́ ọkọ mi ló tú àṣírí. Fọkanáísà ni Mojeed, ọmọ Ìkòsí ni, ó sì ti ń lẹ táyà lẹ́bàá títì Mile 12 láti ọdún mẹ́rìnlá. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra wa, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń rẹ ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ sínú omi gbígbóná, tí màá fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó títí apá yóò fi máa ro mí, tí màá sì máa ṣépè fún ẹni tó kọ́kọ́ po gíríìsì láyé. Ní Sátidé kan, mo gbé ṣòkòtò náà sókè, mi ò rí ìdọ̀tí kankan. Ó mọ́ bí aṣọ Jímọ́ọ̀. Mo wá rántí pé ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú náà ò fún mi ní wàhálà.

Mo rò pé obìnrin ni. Kí ni ẹ fẹ́ kí n rò? Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo ti ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ, mo sì tẹ̀lé e. Kétu là ń gbé. Nígbà tó dé oríta tó yẹ kí ó yà sí ọ̀nà Mile 12, ọ̀nà Alápẹ̀rẹ̀ ló kọrí sí. Ó ń fẹsẹ̀ rìn, èmi náà ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, títí tó fi wọ inú GRA Ogudu. Ó jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì tí wọ́n tì pa, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín itan. Mo dúró fún bíi wákàtí kan kí obìnrin náà lè yọjú. Obìnrin kankan ò yọjú. Ni mo bá jáde sí i.

“Mojeed, kí lò ń ṣe níbí?” Ọdún kan péré ló fi jù mí lọ, ilé ìwé kan náà la jọ lọ. Mi ò kì í pè é ní ẹ̀yin àfi tí àwọn ẹbí rẹ̀ bá wà níbẹ̀.

Kò tiẹ̀ ta gìrì. Ó ní, “Ibí dákẹ́ ni. Kò sí fọkanáísà kankan ní gbogbo àdúgbò yìí.”

Ọkùnrin tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ fọkanáísà! Mo pariwo lé e lórí débi pé ọlọ́dẹ ilé yẹn jáde wá bẹ̀ mí. Bí mo ṣe ń pariwo yẹn náà ni mo ti mọ ohun tó ń sá fún, torí gbogbo Mile 12 ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ọláníyan.

Mojeed àti Ọláníyan jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ni, wọ́n sì jọ ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń fún táyà ní afẹ́fẹ́. Iṣẹ́ tírélà ló ń mówó wọlé fún wọn jù, àwọn tírélà tó ń kó tòmátì àti ata wá láti òkè Ọya. Ríìmù tírélà mìíràn wà tó jẹ́ pé òrùka irin kan ló di táyà mú. Tí òrùka yẹn ò bá jókòó dáadáa, bí afẹ́fẹ́ bá ti ń kún inú táyà, ó lè fò jáde bí ọta ìbọn. Ó yẹ kí ènìyàn ki táyà náà bọ inú àgò irin kí ó tó fún un ní afẹ́fẹ́. Àmọ́ ní tiwọn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ òrùka náà mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá wọn kọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá ọ̀gá wọn kọ́ ọ̀gá wọn. Tí mo bá ti sọ̀rọ̀, Mojeed á ní, “Hàlímátù, ṣé ìwọ ni fọkanáísà ni?” Ó dára. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, òrùka kan fò lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún Ọláníyan. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà láti orúnkún wálẹ̀ nílé ìwòsàn. Mojeed ní òun wà lódìkejì títì níbi tí òun ti ń ra àkàrà, pé ìró náà lòun gbọ́. Ohun tó sọ fún mi ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi náà ò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó gbìyànjú iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn. Tí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ yẹn, ọkàn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, òógùn á bò ó, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, á sì dà bíi pé èémí fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó rò pé ikú ló dé. Ni kò bá débẹ̀ mọ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Láràárọ̀ ló ń wọ aṣọ iṣẹ́ jáde nílé, owó tó ti fi pamọ́ ló sì ń mú wá fún mi pé òun pa á lóòjọ́.

Bí mo ṣe mú un padà wálé báyìí ni wàhálà àwọn amòye bẹ̀rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Fàtáì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló ṣáájú wọn. Owó ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀ n’Ìkòsí ni Bọ̀ọ̀dá ń gbà jẹ, kò sí iṣẹ́ tó ń pè é, nítorí náà ó ráàyè fún ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn. Ó wo ojú àbúrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní, “Ibà ni. Ibà àti tífọ́ìdì.” Ní Èkó yìí, bí òrùlé ilé ènìyàn bá jò, wọ́n á ní tífọ́ìdì ni. Ó gbé àgbo wá nínú ike. Mojeed mu ún, inú rẹ̀ ṣí fún ọjọ́ mẹ́ta, ọkàn rẹ̀ ò yéé lù kìkì. Bọ̀ọ̀dá ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni nígbà náà. A lọ wọ̀n ọ́n, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò ru. Ó ní ayé ló wà nídìí ẹ̀. Ó mú àlùfáà kan wá tó kọ nǹkan sí wàláà, tó fọ̀ ọ́ sínú abọ́, Mojeed sì mu omi hàǹtú náà. Mùsùlùmí ni mí, mi ò bá hàǹtú jà, àdúrà dára. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin náà ohun tó ṣe é. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a wá ń pa làpálàpá.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ọjọ́ tí Bọ̀ọ̀dá ní ojo ló ń ṣe àbúrò òun. Ó fà á lọ́wọ́ lọ síbi iṣẹ́, ó ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà sí i létí gbọnmọgbọnmọ. Mojeed bì sára bàtà Bọ̀ọ̀dá, ó sì sá délé láìwẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà, kò jáde rárá mọ́. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i.

Ìdùnnú, ọmọ wa, ló là wá lójú. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Wọ́n fún un ní bàlúùnù ní ìparí táàmù, ó sì ń fi ṣeré nínú pálọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Bàlúùnù náà bẹ́. Kí n tó ti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ dìde, Mojeed ti fa ọmọ náà sábẹ́ tábìlì, ó dà bò ó, ó sì ń kígbe pé, “Gbé ẹsẹ̀! Gbé ẹsẹ̀!” Mo fi bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bẹ̀ ẹ́ kó tó jáde. Ìdùnnú nu ojú rẹ̀, ó ní, “Mummy, ẹ̀rù ló ń ba Daddy.”

Ọmọ ọdún mẹ́fà! Àgbo, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀, wàláà, gbogbo wa tí a dàgbà tán, ọmọ tí kò tíì lè so okùn bàtà ara rẹ̀ ló wá sọ ohun tó ń ṣe bàbá rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni mo mú Mojeed lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí wa. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Keziah, obìnrin Abẹ́òkúta, tó máa ń rọra sọ̀rọ̀ débi tí á máa sú ènìyàn. Ó ní, “Daddy, ẹ káàbọ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí yín?” Mo dáhùn. Mo ro gbogbo ẹ̀ láti orí ṣòkòtò dé orí bàlúùnù. Ó tún bi Mojeed ní nǹkan mìíràn, mo tún dáhùn. Nígbà kẹta, ó gbé bírò sílẹ̀.

“Mummy Ìdùnnú, ẹ má bínú o. Ṣé ọkàn tiyín ló ń lù ni?”

“Rárá o, tiwọn ni.”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́, please.”

Inú bí mi. Èmi tí mo pa iṣẹ́ mi tì, èmi tí mo mú un wá! Mo fi báàgì sórí itan, mo sì wo ògiri. Mojeed sọ̀rọ̀ díẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà gbọ́ ọ tán, ó sì ṣàlàyé fún wa pé àìsàn gidi ni, pé ó wọ́pọ̀ lára ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí ohun búburú. Ó ní ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Pé ara Mojeed ti kọ́ pé ìró yẹn túmọ̀ sí ikú, kò sì tíì gbà pé ó ti parí. “Ìpayà yẹn ò lè pa yín, Daddy. Tí ẹ ò bá sá fún un, á gùn dé orí, á sì sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá sá ni ẹ̀rù yẹn á tún lágbára sí i.”

Ó mú wa dé ọ̀dọ̀ dókítà tó ń wo àárẹ̀ ọkàn àti ọpọlọ, tó máa ń wá síbẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Dókítà kọ oògùn oníhóró kan fún un, ẹyọ kan lóòjọ́. Ó ní ó máa tó bí oṣù kan kí ó tó mọ̀ ọ́n lára, pé kò sì gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Fàtáì gbọ́, ó káwọ́ lérí. “Oògùn wèrè! Ẹ fẹ́ kí wọ́n máa pe ilé wa ní ilé wèrè n’Ìkòsí?” Mo kúnlẹ̀ kí i tán, mo wá ní, “Bọ̀ọ̀dá, àgbo yín ló sọ ọ́ di aláìsàn inú. Ẹ jẹ́ ká tún gbìyànjú ti dókítà náà wò.” Ó bínú jáde. Ó fún wa ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì dúpẹ́ fún Ọlọ́run.

Oògùn nìkan kọ́ o. Nọ́ọ̀sì Keziah ní kí Mojeed kọ àwọn ohun tó ń bà á lẹ́rù sílẹ̀, kí ó tò wọ́n bí àkàsọ̀, kí èyí tó kéré jù wà nísàlẹ̀, kí èyí tó burú jù wà lókè pátápátá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò máa gùn ún. Á dúró lórí ọ̀kan títí ọkàn rẹ̀ á fi rọ̀ kó tó kan èkejì. Mo ra ìwé ogójì ojú ewé fún un. Ó jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, kò kọ nǹkan kan. Ní ìrọ̀lẹ́ kejì, ó kọ “1”, ó sì ń wo ìwé náà. Ó ní, “Hàlímátù, èyí tó máa wà lókè yẹn…” ó sì dákẹ́. Ọ̀la, Ọjọ́bọ̀, ni nọ́ọ̀sì ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Mo ní aṣọ ilé ìwé méjìlá tí mo fẹ́ rán. Sùúrù mi tán, mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló le níbẹ̀? Mo kọ ọ́ láìdúró: kí ó gbọ́ ìró ẹ̀rọ náà lórí fóònù, kí ó dúró lódìkejì títì wo ibi iṣẹ́ wọn, kí ó jókòó níbẹ̀, kí ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, kí ó fún táyà kẹ̀kẹ́ ní afẹ́fẹ́, kí ó fún táyà mọ́tò, kí ó fún táyà tírélà. Méje péré. Mo ní, “Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?” Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Kí n má purọ́, ó gùn ún. Mo gbé ìró náà sí i lórí fóònù títí ó fi sú èmi fúnra mi. A jọ dúró lódìkejì títì ní ọ̀sán gangan, ó di apá mi mú débi pé àpá èékánná rẹ̀ kù sí mi lára. Lọ́jọ́ kẹrin ibẹ̀, ó dá nìkan dúró. Oṣù kan, oṣù kan àbọ̀, oògùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, ó sì ń fún táyà mọ́tò. Ní Sátidé kan, mo gbé ṣòkòtò rẹ̀ sókè, gíríìsì ti bà á jẹ́ látòkè délẹ̀. Mo fi bora, mo sunkún ayọ̀ nínú bálùwẹ̀.

Àmọ́ kò tíì dà bí ẹni tó yá. Òkèlè méjì ni á jẹ, á dìde. Kì í rẹ́rìn-ín. Tó bá fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ n’Ìkòsí, á gba ẹ̀yìn ilé ẹlòmíràn kọjá kí ó má baà gba òpópó tí Ọláníyan ń gbé. Oṣù keje rèé tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Mojeed ò tíì yọjú sí i. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ ọ́. Àwọn kan ní ìgbéraga ni, àwọn tí ẹnu wọn ò dára ní ó mọ̀ nípa ohun tó ṣe Ọláníyan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ra ọsàn àti búrẹ́dì lọ síbẹ̀, tí mo ní, “Bàbá Ìdùnnú ní kí n kí yín, wọ́n ń bọ̀.” Irọ́ ni mo ń pa. Mo padà délé, mo bá a jà, mo ní ó ń dójú tì mí.

A padà lọ bá Nọ́ọ̀sì Keziah. Mo ní kò jẹun, kò rẹ́rìn-ín, ó sì ti gun àkàsọ̀ náà, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Ó gba ìwé náà, ó wò ó.

“Ọwọ́ ta ló kọ èyí?”

“Ọwọ́ mi ni,” ni mo wí. “Wọn ò tètè kọ ọ́.”

Kò bá mi wí. Ó kọjú sí Mojeed. “Daddy, ṣé táyà tírélà ló wà lókè lóòótọ́?”

Mojeed tẹjú mọ́lẹ̀. Ó pẹ́ gan-an, mo sì fẹ́ bá a dáhùn, ẹnu mi ti là, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì náà gbé ìka kan sókè sí mi. Mojeed wá ní, “Rárá. Ilé Ọláníyan ni.”

Oṣù mélòó ni mo fi ń bínú sí Bọ̀ọ̀dá Fàtáì, sí aládùúgbò, sí àlùfáà, pé wọn ò bi í léèrè ohun tó ń ṣe é? Èmi tí mo jókòó tì í pẹ̀lú bírò, ó ti fẹ́ sọ ọ́ fún mi, mo sì já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ nítorí aṣọ ilé ìwé méjìlá. Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Mojeed sọ èyí tó kù fúnra rẹ̀. Tírélà ọjọ́ yẹn, òun ni dẹ́rẹ́bà pè. Nídìí iṣẹ́ wọn, ẹni tí wọ́n bá pè ló ń ṣe é. Ebi ń pa á, ló bá ní, “Láníyan, bá mi wò ó, mo fẹ́ ra àkàrà.” Ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló yẹ kó wà lórí òrùka yẹn. Nọ́ọ̀sì Keziah ní ẹ̀rù nìkan kọ́ nìyẹn, ẹ̀bi ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, kò sì sí táyà tí á fún tí á gbé e kúrò. Ó ní kó gun tòkè yẹn nígbà tó bá lè gùn ún. Ó wo èmi. “Nígbà tí wọ́n bá lè gùn ún, Mummy.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò. Mi ò sọ nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹni tó bá mọ̀ mí á mọ ohun tí ìyẹn ná mi. Ní ọ̀sán Sunday kan, ó wọ bàtà, ó ní, “Jẹ́ ká lọ.”

Ọláníyan wà níwájú ilé wọn lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Mojeed dúró lẹ́nu géètì, òógùn ń kán létí rẹ̀. Mo rí i tí àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ó fi rọlẹ̀ díẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó sì wọlé.

“Iṣẹ́ tèmi ni,” ó ní. Kò tiẹ̀ kí i. “Èmi ni wọ́n pè. Èmi ni mo ní kí o bá mi wò ó.”

Ọláníyan wò ó láti òkè délẹ̀. “Mojeed, ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n gé ni àbí orí? Ṣé mi ò sí níbẹ̀ ni? Iṣẹ́ tìẹ mélòó ni mo ti bá ẹ ṣe? Tèmi mélòó lo ti bá mi ṣe? Oṣù méje! Dẹ́rẹ́bà tírélà yẹn wá láti Kánò wá kí mi. Ìwọ tí o wà ní Kétu níbí, ìyàwó ẹ lò ń rán sí mi pẹ̀lú ọsàn. Ọsàn ti sú mi!” Ó fi ọwọ́ gbá táyà kẹ̀kẹ́ náà. “Wò ó. Láti oṣù tó kọjá ló ti rọ̀. Fọkanáísà ni mí, mò ń jókòó lórí táyà tó rọ̀. Pọ́ǹpù wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.”

Mo ti fẹ́ lọ gbé e. Mo dá ara mi dúró. Mojeed ló wọlé lọ gbé e wá.

Ó so okùn pọ́ǹpù mọ́ táyà náà. Bí ẹni tí ó ti ń ṣe é láti ọdún mẹ́rìnlá, tí kò ronú, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fi ti ẹ̀gbẹ́ ríìmù náà.

“Gbé ẹsẹ̀ yẹn kúrò!” Ọláníyan ló kígbe.

Mojeed gbé e kúrò. Ó wo ẹsẹ̀ náà, ó wo ibi tí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti parí, ó jókòó sórí ilẹ̀, ó sì bú sẹ́kún bí ọmọdé. Ọláníyan gbé ọwọ́ lé e lórí. Nígbà tó sunkún tán, ó fi ẹ̀wù nujú, ó mú ọwọ́ pọ́ǹpù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún un.

Ọláníyan fi àtàǹpàkò tẹ táyà náà wò. “Ó kù díẹ̀,” ó ní. “Fún un sí i.”